Zubir Akólẹ́tà, Ọkùnrin Tí Kì Í Jẹun

Àbúrò mi Zulikha ni ìyàwó Zubir, ògiri kan ṣoṣo ló sì la ilé wọn àti tèmi. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní mo purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, kó bi ara rẹ̀ pé ta ló mọ̀ ọ́n tó mi. Èmi Wanasa ni mo ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan àwo lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, àti láàárín wọn.

Iṣẹ́ akólẹ́tà ni Zubir ṣe fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ìlú Kusantina tiwa yìí, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó kò fẹ́ràn ilẹ̀ títẹ́jú. Orí àpáta ló yàn, ọ̀gbun jíjìn sì yí àpáta ọ̀hún po. Bí o bá fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ tí òrùlé rẹ̀ ń kọ mànà lójú rẹ, o ní láti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kí o kọjá lórí afárá, kí o sì tún gun àtẹ̀gùn mìíràn kó o tó kan ilẹ̀kùn. Gbogbo èyí ni Zubir ń fi ẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́, àpò lẹ́tà léjìká, òjò ni o, yìnyín ni o. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Ó sì ń jẹun bí ẹni tí wọ́n gbéjà kò.

Láàárọ̀ kùtù, búrẹ́dì kisra odindi kan, tó ń tẹ̀ bọ inú òróró ólífì àti oyin. Bí oòrùn bá mú, àwo shakhshukha tó tó ènìyàn méjì, ẹran àgùntàn lórí rẹ̀, ọbẹ̀ pupa ń ṣàn yí i ká. Lálẹ́, ọbẹ̀ ẹ̀wà, búrẹ́dì, àti ohunkóhun tí ọwọ́ Zulikha bá tún bà nínú ilé ìdáná. Kò sí èyí tó hàn lára rẹ̀. Bó ṣe yẹ kí onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn ṣe, ó gbà pé ọgbọ́n òun ni.

"Ẹ̀gbọ́n Wanasa," á wí fún mi, bó bá rí mi tí mò ń mí hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, "ara yín ni kò mọ oúnjẹ lò. Tèmi, bó ṣe ń wọlé ló ń rí ibi gbà."

"Ẹsẹ̀ rẹ ló ń bá ọ jẹ ẹ́, Zubir. Má dúpẹ́ lọ́wọ́ ikùn."

"Ẹ̀yin náà ẹ rìn!"

"Ta ni màá kó lẹ́tà fún?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà títí ilé ìfìwéránṣẹ́ fi gbé e ga. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, àwọn ọ̀gá sì ní ó ti sìn tó. Wọ́n gbé e sí ojú kántà tí wọ́n ti ń san owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n sì fún un ní àga tó ní táyà lẹ́sẹ̀. Inú gbogbo ẹbí dùn sí àga yìí ju bí inú wọn ṣe dùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ lọ. Bí Zubir bá fẹ́ mú òǹtẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún, kò ní láti dìde. Á fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, àga á gbé e lọ bí ọba. Láìpẹ́, ó ra mọ́tò àlòkù kékeré kan, aláwọ̀ búlúù. Ó ní ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́ kò yẹ lẹ́ni tí yóò máa fẹsẹ̀ rìn lọ jókòó.

Báyìí ni ẹsẹ̀ Zubir ṣe fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi tó ẹnu létí.

Kisra kò dín. Òróró kò dín. Àwo shakhshukha kò dín. Bí ó bá tilẹ̀ ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú rẹ̀, Zulikha á jókòó tì í, á máa wojú rẹ̀ bí ẹni ń wo aláìsàn. "Ta ló bí yín nínú, Bàbá Hasina? Àbí ọwọ́ mi ti bàjẹ́?" Ọkùnrin wo ló fẹ́ dáhùn ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Á gbá àwo náà mọ́.

Nígbà tí ṣòkòtò kọ̀ láti dé ìdí, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Wọ́n ní ó ń sún aṣọ kì. Zulikha pààrọ̀ ọṣẹ. Nígbà tí bẹ́líìtì kò yípo mọ́, wọ́n ní àwọn tó ń ṣe bẹ́líìtì ti di olè, wọ́n ń gé awọ jẹ. Nígbà tí bọ́tìnnì ẹ̀wù ń fò bí èèrún iná, wọ́n ní òwú ayé ìsinsìnyí kò lágbára. Nígbà tí kò wá sí aláṣọ, oníbẹ́líìtì àti olówùú mọ́ tí wọn ò tíì fi sùn, wọ́n bọ́ sórí ojú ayé, wọ́n ní ojú ìlara ẹnì kan ló ń ṣe é. Àbúrò mi sun tùràrí yípo ilé, ó sì sun ún pẹ́ jù lọ́dọ̀ ògiri tó kọjú sí tèmi. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo mọ ojú tó ń tọ́ka sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó," Zubir bẹ̀ mí lọ́jọ́ kan, ó di ikùn mú lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ. "Èmi kì í jẹun. Láti àárọ̀ tí mo ti kúrò nílé, kọfí nìkan ni mo mu."

"Kọfí nìkan?"

"Kọfí nìkan. Bóyá mo kàn tọ́ nǹkan díẹ̀ wò."

"Kí lo tọ́ wò?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń bi mí bí ọlọ́pàá!"

Kò jókòó lásán o. Ó wá ìwòsàn. Ó gbọ́ nínú rédíò pé ewé tútù dára fún ara, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé tútù lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n ní búrẹ́dì ọkà bálì sàn ju funfun lọ, ó ń jẹ ti bálì nítorí ìlera, ó sì ń jẹ funfun nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára. Ẹnì kan ní kó máa mu ọtí kíkan láràárọ̀. Ó kan, kò ṣeé mu, ó fi oyin sí i títí tó fi ṣeé mu. Ó ra ìgbànú oníná kan tó ń gbọn ikùn jìgìjìgì, á so ó mọ́ra, á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti wo bọ́ọ̀lù, àwo èso sunflawa yíyan lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi láti inú ilé mi, mo ń gbọ́ ìgbànú, mo ń gbọ́ eyín. Nígbà tí Ramadan dé, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí, ààwẹ̀ yóò yanjú ohun gbogbo. Ó gba ààwẹ̀ náà pé, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀sán gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òru ń dá a padà fún un pẹ̀lú èlé. Nígbà tí a rí oṣù ọdún, Zubir nìkan ló gbààwẹ̀ sanra láàárín wa. Rárá, mo tọrọ àforíjì: èmi náà wà níbẹ̀.

Èèrà ló tú àṣírí.

Ojú kántà Zubir ni èmi náà ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì olóògbé ọkọ mi. Lọ́jọ́ owó, àwọn ìyá arúgbó ìlú máa ń kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Gbogbo wọn ló mọ Zubir láti ìgbà tó ń gun àtẹ̀gùn wọn, tó ń mú lẹ́tà ọmọ wọn tó wà ní Faransé wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, òun ló máa ń kà á fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò sì fo ibi tí kò dára. Wọn ò gbàgbé. Kò sẹ́ni tó ń wá lọ́wọ́ òfo. Eléyìí mú makrud, ìpápánu tí wọ́n fi dabidun sí lọ́kàn tí oyin ń kán lára rẹ̀. Tọ̀hún mú burek gbígbóná, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi wé ẹran, nínú aṣọ ìnuwọ́. Ìyá Tawus, tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ, mú jawziya tó fi oyin àti àsálà sè.

"Gbà, ọmọ mi. Tọ́ ọ wò."

"Ìyá, mo ti yó."

"Ẹni tó kọ oúnjẹ mi kọ àdúrà mi."

Kí ni yóò ṣe? Á tọ́ ọ wò. Èyí tí kò bá rí tọ́ wò lójú ẹsẹ̀, á gbé e sínú dúrọ́ọ̀, láàárín òǹtẹ̀ àti sítáǹbù, kó lè tọ́ ọ wò bí ènìyàn bá dín kù. Ìwé owó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹnì kan gba tirẹ̀ délé, ó bá ìdajì dabidun lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, olùbẹ̀wò kan ti olú-ìlú wá. Ó gùn, ó gbẹ, ó de táì. Bulahbal, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ náà, ń mú un yí ká, ó ń sọ fún un bí ohun gbogbo ṣe wà létòlétò. Olùbẹ̀wò dúró lójijì. Ó rí ohun dúdú kan tó ń rìn lójú ògiri. Èèrà ni. Wọ́n ti ibi tí ògiri ti lanu jáde, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ ju àwa tá a wá gbowó lọ, wọn ò ti ara wọn, wọn ò bú ara wọn. Wọ́n kọjá lórí kántà, wọ́n kọjá níwájú mi, wọ́n wọ dúrọ́ọ̀ Zubir.

"Kí ló wà nínú ibẹ̀ yẹn?"

"Òǹtẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ẹ ṣí i."

Zubir wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wo àjà. Ó ṣí i. Olùbẹ̀wò tẹ̀ bá a, ó wò ó pẹ́, ó wá tún ara nà pẹ̀lú ojú ẹni tó bá òkú ènìyàn nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kà wọ́n jáde bí ẹni ń ka ẹrù: makrud, burek tí wọ́n ti gé jẹ, jawziya nínú bébà, ẹyin sísè kan tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá, àti lábẹ́ gbogbo rẹ̀, òǹtẹ̀.

"Ta ló ni gbogbo èyí?"

Kí Zubir tó ya ẹnu, àwọn ìyá ti dáhùn.

"Èmi ni mo ni makrud!"

"Burek tèmi ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Zubir! O ò tíì jẹ ẹ́ tán? Ti Tawus lo kọ́kọ́ jẹ?"

"Kí ló dé tí kò ní kọ́kọ́ jẹ tèmi? Ìwọ tó o fi iyọ̀ pa á!"

"Ọmọ mi, sọ̀rọ̀! Èwo ló dùn jù?"

Zubir kò wojú ẹnikẹ́ni. "Mo kàn tọ́ wọn wò ni," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti èèrà lọ.

Bulahbal fi òfin lélẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn pé oúnjẹ kò gbọdọ̀ kọjá ojú kántà mọ́. Àwọn ìyá pa òfin náà mọ́ tọkàntọkàn. Lẹ́bàá mọ́tò búlúù ni wọ́n ń dúró dè é báyìí.

Mo ròyìn fún Zulikha. Ṣé mo lè gbé irú ìyẹn mì ni? Mo rò pé á bínú pé ọkọ rẹ̀ ń jẹun nílé, ó ń jẹ níta. Ó bínú lóòótọ́.

"Burek?" ó ní. "Burek ta ni?"

"Zulikha, mi ò mọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó pọ̀."

"Ṣé ó dára ju tèmi lọ? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má purọ́ fún mi. Ṣé ẹ tọ́ ọ wò?"

Lọ́jọ́ kejì, ó din burek tó tó bíbọ́ bárékè. Ọjọ́ kẹta náà bẹ́ẹ̀. Zubir jẹ gbogbo rẹ̀, nítorí ẹ̀bi ń pa á, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí ọkùnrin lè fi tọrọ àforíjì nínú ilé yẹn.

Lẹ́yìn náà ni baba tó bí èmi àti Zulikha kú. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ó sùn, kò jí. Àwọn àbúrò wa ọkùnrin wà ní Faransé, ilẹ̀ tiwa kì í sì í jẹ́ kí òkú dúró de ọkọ̀ òfuurufú. Zubir ní òun ni ọmọ tó wà nílé, òun ni yóò gbé iwájú. Ó gbé e. Itẹ́ òkú wa wà lórí òkè. Àwa obìnrin kì í bá wọn dé ibẹ̀, ojú fèrèsé ni mo wà tí mò ń wò wọ́n tí wọ́n ń gòkè, mo mọ Zubir láàárín wọn nítorí pé kò ṣòroó mọ̀.

Wọn ò tíì dé ibi tí ọ̀nà ti yà tí mo fi rí i tí pósí náà mì. Ẹnì kan sáré wọ abẹ́ rẹ̀, ó gbà á léjìká Zubir. Àwọn tó kù ń lọ. Wọ́n kọjá lára rẹ̀ ní méjìméjì, ó sì jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ọwọ́ láyà, ó ń wo ẹ̀yìn wọn.

Mo bá a lórí àtẹ̀gùn ilé wa nígbà tó padà, kò lè gòkè dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ wú.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbé bàbá yín dé ibẹ̀. Ọ̀nà tí mo máa ń fi ẹsẹ̀ gùn tẹ́lẹ̀ láìmí hẹlẹ. Mo já a kulẹ̀."

Mo jókòó tì í. Àtẹ̀gùn náà kò fẹ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ibẹ̀.

"O gbé e jáde nílé rẹ̀," ni mo wí fún un. "Ìyẹn náà tó. Ṣùgbọ́n wàá lọ rí dókítà."

Àwa mẹ́ta la lọ. Obìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Lamya ni dókítà náà, kò ju ọjọ́ orí Hasina ọmọ wọn lọ, kì í sì í yí ọ̀rọ̀ po. Ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Zubir wò kó tó pè wá wọlé.

"Bàbá, kí lẹ ń jẹ lóòjọ́?"

"Dókítà, èmi kì í jẹun."

Àbúrò mi yí padà sí i. "Ẹ kì í kí ni? Ta ló wá ń jẹ ìkòkò mi? Iwin?"

Zubir kà á jáde wàyí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dé orí oúnjẹ alẹ́. Dókítà gbọ́ tán, ó ní, "Nígbà tẹ́ ẹ ń kó lẹ́tà, iná ńlá ló ń jó nínú yín, igi tẹ́ ẹ ń kì sí i sì pọ̀. Iná ti kéré báyìí. Igi ò dín. Ibo ni igi tó ṣẹ́ kù ń lọ?"

Zubir wo ikùn rẹ̀.

"Ibẹ̀ náà ni."

"Dókítà, ṣé kì í ṣe ẹṣẹ́ kan nínú ọrùn mi tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ ló ń ṣe é? Mo gbọ́ pé ó ń ṣe àwọn ẹlòmíràn."

"Ó ń ṣe àwọn ẹlòmíràn. Mo yẹ tiyín wò, ó dára. Ohun tí kò dára ni ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń gòkè, àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e."

Mo rí i pé ó dùn ún. Ọkùnrin náà ti ń retí àìsàn ńlá kan tó lórúkọ gígùn, wọ́n wá sọ fún un pé kisra ni. Ṣùgbọ́n dókítà kò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní ebi kì í mọ̀ pé wọ́n ti yí iṣẹ́ ènìyàn padà, pé ohun tó mọ́ ọn lára fún ogún ọdún ló ń bèèrè, kì í ṣe ìwà ọ̀kánjúwà. Ó ní kó má ṣe febi pa ara rẹ̀ lójijì, torí ara á bá a jà, á sì borí. Kó dín búrẹ́dì kù sí ìdajì, kí oyin di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó fi mọ́tò sílẹ̀ kó máa rìn.

"Àti pé, Bàbá, títọ́wò náà jẹ́ jíjẹ."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ogun tó wá bẹ́ sílẹ̀ nílé, etí mi ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Zulikha gbà á bí èébú. "Dókítà ọ̀hún, ṣé ó ti jẹ shakhshukha mi rí? Ṣé ó mọ ohun tó ń sọ?" Ó ra àwo kékeré gẹ́gẹ́ bí àṣẹ, ó sì ń bù ún lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti bá a wí, mo bá a nílé ìdáná, ó dúró láìṣe nǹkan kan, ṣíbí igi lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "bí mi ò bá bu oúnjẹ fún un, kí ni màá sọ fún un?"

Mo ti fẹ́ rẹ́rìn-ín kí n tó rí i pé ìbéèrè gidi ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ jẹun" ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rẹ̀, "ó dùn" sì ni ìdáhùn.

"Bá a rìn," ni mo wí. "Bóyá ọ̀rọ̀ á wá."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sórí afárá ní ìrọ̀lẹ́. Ojú kọ́kọ́ ń tì wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n, wọ́n á ní aláìsàn kan làwọn ń lọ kí. Wọn kò parọ́ púpọ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìjà ni wọ́n ń jà lọ tí wọ́n ń jà bọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí ọ̀rọ̀ sọ, èmi sì ni ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́.

Ẹ má retí pé kí n sọ fún yín pé Zubir tún di igi ìgbálẹ̀. Ó fọn díẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé pẹ̀lú ìgbéyàwó rẹpẹtẹ, ó tún gba gbogbo rẹ̀ padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ kù. Ebi ń pa á, ó ń kanra, ó ti bá Bulahbal jà nítorí fèrèsé, ó sì ti di oníwàásù ewé tútù tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì níbi àsè. Ìyá Tawus bá a yan odì fún ìgbà pípẹ́ nítorí jawziya tí kò gbà mọ́. Dókítà ní ṣúgà ti rọlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ṣì ń ṣe agídí, ó fún un lóògùn kékeré kan, ó ní kó má dáwọ́ ìrìn dúró.

Lánàá, òjò ká wọn mọ́ orí afárá. Mo gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gòkè bọ̀, omi ń kán lára wọn, wọ́n ń jà nípa ẹni tó gbàgbé agbòjò sílé. Zulikha ní òun ni. Zubir ní rárá, òun ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ẹnì kan tan iná, wọ́n sì jókòó ti ọbẹ̀ ẹ̀wà.